Èmi àti Àlájà Ṣìfáwù Nínú Yàrá Síígà

Èéfín ni mò ń fi ẹnu tọ́ wò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, wọ́n máa ń rò pé mò ń ṣàwàdà ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bá mi nílé, tí ẹ ń béèrè irú iṣẹ́ tó dáa kéèyàn fi ayé rẹ̀ ṣe, mo mọ̀ pé tèmi kò sí lára èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ẹ ń rò, tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n sọ tèmi, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe ìtàn ayọ̀.

Síígà niṣẹ́ náà. Kì í ṣe sìgá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú títì. Síígà yàtọ̀ sí i. Odindi ewé tábà ni wọ́n máa ń ká jọ, wọ́n á tún wá fi ewé mìíràn tó dán tó sì rẹwà wé e lára, á wá tóbi tó àtàǹpàkò ọkùnrin. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá nínú àpótí onípákó, àwọn olówó Èkó àtàwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ló sì ń rà á. Bó bá ti dé, wọn kì í tà á lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sùn ná. Òmíràn á sùn fún ọdún kan, òmíràn ọdún márùn-ún, òmíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú yàrá tí kò gbóná, tí kò tutù jù, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ní ọ̀rinrin díẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa tọ́ wọn wò, tí yóò lè sọ pé èyí ti gbó, èyí kò tíì gbó, èyí sì ti gbó kọjá. Ní ilé iṣẹ́ wa ní Ìkòròdú, obìnrin méjì péré ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Èmi ni ìkejì.

Ọmọ Ìkìrun ni mí. Iṣẹ́ wẹ́dà tí ọkọ mi ń ṣe ló gbé wa dé Ìkòròdú nígbà ìjọba ológun. Aládùúgbò wa kan ló mú mi dé ẹsíteeti àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ọjà òkè òkun wọlé. Wọ́n gbà mí lọ́jọ́ kan náà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ gbá. Wọ́n fi rọ́bà yí etí ilẹ̀kùn rẹ̀ ká. Lọ́jọ́ kan tí mò ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn náà, òórùn kan sì jáde síta tó dá mi dúró. Obìnrin kúkurú kan tó wé ìborùn funfun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Kí lò ń gbọ́?" ó bi mí.

Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. Mo ní, "Ó dà bíi gàrí tí wọ́n ń yan lọ́wọ́, mà. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ wà nínú ẹ̀."

"Ìtọ̀ báwo?"

"Bí ilé tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ sí, mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àná ni wọ́n gbé wọn dé. Ìtọ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ kúrò lára wọn, á tó ọdún méjì. Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà."

Ó lọ bá máníjà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà yóò fi parí, mo ti gbé ìgbálẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àlájà Ṣìfáwù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni, àdúgbò kan nílùú Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ̀ ta ewé tábà àti áásà ní Ọjà Olúwo níbẹ̀, láàárín àwọn ẹlẹ́ja. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ lọ áásà lórí ọlọ, tí ó ń yọ ewé tó ti bu kúrò lára èyí tó dáa. Òyìnbó tó kọ́kọ́ dá ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀ ló rí i lọ́jà, ó sì gbà á síṣẹ́. Kí n tó dé, ó ti pẹ́ nínú yàrá yẹn débi pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníbàárà fi ń pe yàrá náà. Màmá ni èmi ń pè é.

Ẹni tó bá rò pé òun ti rí ọ̀gá tó le, kò tíì rí Màmá. Mi ò gbọ́dọ̀ fi lọ́fíńdà, mi ò gbọ́dọ̀ fi ìpara olóòórùn. Bí mo bá fẹ́ ṣe irun oníkẹ́míkà, ó di àkókò ọdún tí wọ́n bá fún wa nísinmi. Mi ò gbọ́dọ̀ jẹ irú tàbí àlùbọ́sà láàárọ̀. Lójoojúmọ́, kí n tó wọlé, ó máa ń mú mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbóòórùn gèlè mi àti ọwọ́ mi méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, òtútù mú Dáre, àkọ́bí mi, mo sì fi ìpara òtútù ra á láyà ní ìdájí. Mo fọ ọwọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Màmá gbé ọwọ́ náà sí imú, ó sì jù ú sílẹ̀.

"Kí lo fi ra ọmọ ẹ?"

"Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mà."

"Síígà ò mọ ọṣẹ. Ohunkóhun tó bá wà nítòsí ẹ̀ ló ń mu, tó bá sì ti mu ún, kì í tú u sílẹ̀ mọ́. Lọ jókòó síta."

Ìta ni mo jókòó sí títí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ fi dé ní ìrọ̀lẹ́. Ojú tì mí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọkọ mi ló ń fi ìpara ra ọmọ.

Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n tanná sí ẹyọ kan. Àpótí ni mò ń yí, èyí tó wà lókè á bọ́ sísàlẹ̀. Mò ń pọn omi òjò tí a ti sè tí a sì ti sẹ́ sínú àwọn àwo amọ̀ tó ń fún yàrá náà ní ọ̀rinrin. Mò ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu èébu tó bá hù lára síígà, mo sì ń wá kòkòrò kékeré aláwọ̀ igi kan tó máa ń lu ihò sí síígà bí abẹ́rẹ́. Bí mo bá rí ọ̀kan, gbogbo àpótí náà á wọ fíríísà kí òtútù lè pa ìyókù. Tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, Màmá á ní kí n di ojú, á gbé síígà sí mi nímú, á ní kí n sọ ohun tí mò ń gbọ́. Kò gba ọ̀rọ̀ tí òyìnbó kọ sínú ìwé. Ó ní àwọn èso tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀, òun kò jẹ ẹ́ rí, èmi náà kò jẹ ẹ́ rí, báwo ni yóò ṣe wá wà lẹ́nu wa?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, mo bì. Ó ní, "Mi ò ní kó o gbé e mì. Fà á díẹ̀, jẹ́ kó yí ahọ́n ẹ ká, kó o tú u sílẹ̀ gba imú." Ó fún mi ní omi àti búrẹ́dì tí kò ní bọ́tà. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n tún un ṣe.

Díẹ̀díẹ̀, ó yé mi. Síígà Kúbà ló máa ń le jù nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òórùn ìtọ̀ yẹn á bo gbogbo nǹkan, á sì máa há èèyàn lọ́fun. Tó bá di ọdún kẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní àti awọ bàtà tuntun. Tó bá tún pẹ́ sí i, gbogbo rẹ̀ á wọ ara wọn, á wá ní òórùn bí àpótí aṣọ ìyá àgbà, kó o tó ṣí i, o ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ti Dòmíníkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, ó dà bí ẹ̀pà tí wọ́n yan díẹ̀ tí wọ́n fi mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n kì í fara da ìgbà pípẹ́. Bó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, bébà lásán lò ń fà. Ti Nikarágúà, atare ni, ó ń ta ní ṣóńṣó ahọ́n, kọfí tí kò ní ṣúgà sì tẹ̀lé e. Ìyẹn ṣeé fi sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Atare náà á máa wálẹ̀ lọ́dọọdún, adùn kan á máa gòkè bíi ṣúgà tí iná yọ́. Họ́ńdúrásì dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, pẹ̀lú ìkorò orógbó lẹ́yìn ọ̀fun, ìkorò yẹn kì í sì í lọ pátápátá láéláé. Ewé Kamẹrúùnù ni wọ́n sábà máa ń fi wé ara ti ibòmíràn. Ó fẹ́lẹ́, ó máa ń ya bí a bá di í mú ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní òórùn èkùrọ́ sísun. Màmá fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sọ fún oníbàárà kankan rí.

Kò mu tábà fún ìgbádùn rí láyé rẹ̀, èmi náà kò mu ún bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn kò ní kí àwọn èèyàn má sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mi, òórùn aṣọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, nígbà tó yá wọ́n sọ orúkọ mi. Wọn kò lé mi nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n kàn ní kí n sinmi ná. Mo ṣì ń sinmi títí di òní. Ní ti Màmá, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kì í jẹ́ kó bá wọn dáná oúnjẹ ìṣínu. Tó bá dé lẹ́yìn Iléyá, mo máa ń bi í bí ọdún ṣe lọ sí. Á ní, "Wọ́n bu ẹran wá fún mi," á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo bí ọmọ kejì, mo bí ìkẹta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jọ jókòó sí ìdí fèrèsé lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, à ń jẹ ìrẹsì àti ẹja díndín tí ẹnìkan bá wa rà. Mo fi ẹja tèmi sẹ́nu, mo tu ú dànù. Ó ti rà. Ó tilẹ̀ ti ń yọ̀ nínú. Mo gbójú sókè láti sọ fún Màmá, mo sì rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tirẹ̀ tán. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, tí ń dúró lókèèrè lọ́jà tí á sì sọ ẹja tó ti sun ọjọ́ kan fún ẹ. Ó ń jẹ ẹ́ lọ jẹ́ẹ́.

Ó rí i pé mò ń wo òun. Ó wo ẹja tí mo tu sílẹ̀. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́?" ó bi mí.

"Ó ti bàjẹ́, mà."

Ó ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ní, "Ó ti lé ní ọdún kan. Imú ló kọ́kọ́ lọ. Ahọ́n wá tẹ̀ lé e."

"Ẹ ti dé ọsibítù, Màmá?"

"Wọ́n ní nǹkan funfun kan wà lábẹ́ ahọ́n mi. Wọ́n ní kí n fi tábà sílẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Rìsíkátù ṣì wà nílé ìwé. Bàbá ẹ̀ ti kú. Kí ni mo fẹ́ lọ máa ṣe?"

Rìsíkátù ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Kò bẹ̀ mí pé kí n bo òun láṣìírí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oníbàárà kankan tó dé, mo tanná sí èyí tí a fẹ́ tà lọ́jọ́ náà, mo tọ́ ọ wò, mo sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ sókè, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ. Nígbà tí oníbàárà wá dé, òun ló bá a sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo lè fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, á sọ ọ́ débi pé ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa gbé itọ́ mì. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti máa ń mọ adùn ohun tí èmi fúnra mi tọ́ wò. Ọdún bíi mélòó kan kọjá bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fura.

Nígbà tó yá, bàbá mi kú ní Ìkìrun. Mo gbọ́dọ̀ lọ sin ín. Kí n tó lọ, mo tọ́ gbogbo èyí tí wọ́n máa kó jáde lọ́sẹ̀ náà wò, mo sì sọ ọ́ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Lọ sin bàbá ẹ. Mo wà níbí."

Wọn kò mú iná wá rárá lọ́sẹ̀ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ̀yìn ògiri yàrá wa gan-an ni wọ́n sì gbé e sí. Páìpù tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde là, ẹ̀rọ amúlétutù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa èéfín náà sínú yàrá díẹ̀díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìta gbọ́ òórùn dísù, ṣùgbọ́n ibo ni kò sí òórùn dísù ní ẹsíteeti? Àlájà wà nínú yàrá lójoojúmọ́. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Bí gbogbo wọn ṣe rò ó nìyẹn. Orí ń fọ́ Màmá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ó rò pé àgbà ni.

Nígbà tí mo padà dé, mo ṣí ilẹ̀kùn onírọ́bà yẹn, òórùn dísù sì kọ lù mí bí ẹni gbá mi lójú. Màmá jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu síígà kan.

"O káàbọ̀," ó ní. "Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣé gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde síta ná."

"Kí ló dé?"

"Èéfín dísù ni. Ó kún ibí."

Ó gbé síígà ọwọ́ rẹ̀ sí imú, ó fà á. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Mo ti ń lọ láti pẹpẹ kan dé èkejì, mò ń ṣí àpótí. Mo ṣí àwọn Kúbà tó ti wà níbẹ̀ kí n tó bí ọmọ mi kejì. Mo ṣí Nikarágúà tí a ń retí pé yóò gbó lọ́dún yẹn. Kò sí èyí tí kò mu ún.

"Gbogbo ẹ̀?" ó bi mí.

"Gbogbo ẹ̀, mà."

Ó bi mí bóyá tí a bá kó wọn síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, wọ́n lè bọ̀ sípò. Òun tó kọ́ mi pé síígà kì í tú òórùn àjèjì sílẹ̀ ló ń bi mí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó ti dá àpótí tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó fún wọn padà.

Máníjà wa nígbà náà kì í pariwo. Ó pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì, ó sì fún Màmá ní àga.

"Àlájà," ó ní, "ẹ jókòó sínú èéfín yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ò gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ, sà. Imú mi ti kú. Ẹnu mi náà."

"Láti ìgbà wo?"

Màmá ń tún ìborùn rẹ̀ wé. Máníjà yíjú sí mi. "Ìyá Dáre, ṣé ẹ mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

Mo rò pé àwa méjèèjì la jọ máa lọ ni. Mo tilẹ̀ ti ń ro ohun tí n ó sọ fún ọkọ mi. Máníjà dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún gbogbo ọdún tó fi sin ilé iṣẹ́, ó sì ní kó máa lọ sinmi nílé. Èmi, ó ní kí n dúró, torí kò sí imú mìíràn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ páìpù jẹnẹrétọ̀.

Mo bá Màmá gbé báàgì rẹ̀ dé géètì. Kò sunkún. Ó ní, "Omi gbígbóná nìkan ni kó o fi nu pákó tó wà lára ògiri yàrá yẹn kó o tó kó tuntun wọlé. Má fi ọṣẹ kàn án." Ó wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ó lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí i, Rìsíkátù ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni." Mo bá a jókòó nídìí àtẹ rẹ̀ lọ́jà títí oòrùn fi rọlẹ̀, mo wọkọ̀ gba ọ̀nà Ìtóìkín padà sí Ìkòròdú. Ìgbà kejì, bákan náà. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọn kò sí nílé, ọsibítù ni wọ́n wà. Nǹkan funfun abẹ́ ahọ́n yẹn ti di egbò tí kò jinná. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú ahọ́n rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn ló tó gbà kí n wọlé. Ó jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ ti rù. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ohùn kan tó jẹ́ pé Rìsíkátù nìkan ló gbọ́ ọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa iṣẹ́. Mo ní àwọn Kúbà tuntun ti pé oṣù mẹ́fà, ìtọ̀ ṣì wà lára wọn, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ kòkó nísàlẹ̀.

Ó gbọn orí.

Mo ní, "Kòkó ni, Màmá. Ó fara sin díẹ̀ ni."

Ó tún gbọn orí, ó sì tẹ ojú mọ́ mi bó ti máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Nígbà tí mo padà síṣẹ́, mo tún un tọ́ wò. Èèpo ẹ̀pà ni. Kòkó kò tíì dé ibẹ̀ rárá.

Láti ìgbà náà, mò ń lọ lóṣooṣù. N ó jókòó tì í, n ó to gbogbo ohun tó wà nínú yàrá lẹ́sẹẹsẹ fún un, láti orí Kúbà dé Kamẹrúùnù. Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, á pa ojú dé díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Bí mo bá ṣì í sọ, á gbọn orí, n ó sì máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn títí yóò fi pa ojú dé.

Mo sọ fún un bí irinṣẹ́ wa ṣe ń yí padà. Nígbà tirẹ̀, aago kékeré kan tí irun inú rẹ̀ máa ń nà bí ọ̀rinrin bá pọ̀ ló ń sọ bí yàrá ṣe rí. Wọ́n mú èyí tó ń lo bátìrì dé. Wọ́n kó àwo amọ̀ wa dànù, wọ́n mú àpò kékeré kan wá láti òkè òkun tó ń tú ọ̀rinrin sílẹ̀, tó sì tún ń fà á mu fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, máníjà ń fi fóònù wo yàrá náà láti ilé rẹ̀, oníbàárà sì ń gbé fóònù sí ara àpótí láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Nígbà tí mo sọ ìyẹn, Màmá pariwo kan lọ́fun. Rìsíkátù túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Wọ́n ní ṣé fóònù náà ní ahọ́n."

Ahọ́n ni wọn kò nílò mọ́. Dọ́là gòkè, àpótí tó ń wọlé ń dín kù. Àwọn oníbàárà àtijọ́ kú, tàbí kí dókítà ní kí wọ́n jáwọ́. Àwọn ọmọ wọn ń fa ọ̀pá oníbátìrì tó ń tú èéfín olóòórùn máńgòrò, ilé iṣẹ́ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyẹn wọlé. Ẹ̀gbẹ́ yàrá wa ni wọ́n tò ó sí. Mo sọ pé òórùn rẹ̀ ń wọlé, máníjà tuntun ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tó wá ṣe ni pé ó ta síígà tó kù fún oníṣòwò kan, ó sì sọ yàrá náà di ibi ìkó-nǹkan-sí. Wọ́n tú pákó ògiri, káfíńtà kan kó o lọ. Wọ́n fún mi ní kúlà kan àti aago ara ògiri, a ya fọ́tò, mo bọ́ sínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́.

Ẹ bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Mo tọ́ ọmọ mẹ́ta nídìí ẹ̀, mo sì mọ ohun kan dé ìsàlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n èéfín ni ohun tí mo mọ̀, ó ń pa àwọn tó ń rà á, ó sì pa ẹni tó kọ́ mi. Dókítà tó wo ẹnu mi lọ́dún tó kọjá rí àmì funfun kékeré kan ní inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní ká ṣì máa wò ó ná. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Rìsíkátù ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé egbò náà ti padà dé, ó ti wọ ọrùn, àwọn dókítà sì ti ní kí wọ́n máa tọ́jú Màmá nílé. Ó dùbúlẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé orí rẹ̀ sókè. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mi ò sọ fún un pé wọ́n ti ti yàrá wa. Mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, bí ẹni pé gbogbo àpótí náà ṣì wà lórí pẹpẹ.

Mo sọ Kúbà. Kò pa ojú dé. Mo sọ Dòmíníkà. Ó ń wò mí. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ. Mo ní, "Nikarágúà tọdún yìí, Màmá, kò ta rárá. Oyin ni látòkè délẹ̀." Mo dúró. Mò ń wo orí rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, mò ń retí pé kó gbọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀.

Kò gbọ̀n ọ́n.

Rìsíkátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, òórùn èéfín ẹja wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Àǹtí. Wọ́n ń gbọ́."

Mo di ọwọ́ Màmá mú. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Kúbà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, títí mo fi dé Kamẹrúùnù.